Ẹja Tí Ebi Ò Pa

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Bàbá bàbá mi dẹ ìgèrè sínú ọ̀sà, ìyá bàbá mi yan ẹja tà, èmi náà sì ti ń fi ìwọ̀ mú ọ̀bọ̀kún kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Gbogbo èyí ni mo rò kalẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ ní ilé Àǹtí mi ní Christchurch, ní New Zealand. Ohun tí mi ò fi kún un ni pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé London, àti pé inú fíríìsà ilé ìtajà ni mo ti ń pa ẹja níbẹ̀.

Ẹnu yìí ló kó bá mi. Ọkọ Àǹtí mi ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe, àwọn á sanwó afinimọ̀nà fún mi, kí n lọ pa sámọ́nì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ọba, nínú odò Rakaia. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín sínú. Wọ́n mọ̀ mí láti kékeré.

Ẹja náà kì í ṣe onílẹ̀ níbẹ̀. Láti California ni ìjọba ti kó ẹyin rẹ̀ wá láàárín ọdún 1901 sí 1907, wọ́n pa á ní Hakataramea, lágbègbè odò Waitaki, wọ́n sì tú àwọn ọmọ rẹ̀ sómi. Àwọn yẹn wọ òkun lọ, wọ́n dàgbà, wọ́n padà wá yé ẹyin tiwọn. Títí dòní, wọ́n ń gun odò Waitaki, Rangitata, Rakaia àti Waimakariri, àwọn odò tó ń ti orí òkè oníyìnyín ṣàn wọ òkun ní ìlà-oòrùn erékùṣù gúúsù. Àlejò ni ẹja yìí, àlejò lèmi náà. Àmọ́ òun ti mọ ọ̀nà ilé.

Kí n tó dé odò rárá ni ìtìjú ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wọ ìlú náà, mo ń gbé ẹja yíyan, irú àti ẹ̀gúsí bọ̀ fún Àǹtí mi. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa nínú bàálù béèrè bóyá mo gbé oúnjẹ dání. Mo fàmì sí "rárá". Lójú tèmi, èèlò ọbẹ̀ ni ìyẹn, kò tíì di oúnjẹ. A dé pápákọ̀ òfurufú, ajá kékeré kan tó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ rìn wá, ó gbóòórùn àpò mi, ó sì jókòó tì í. Kò gbó, kò bínú. Ó kàn jókòó, ó ń wò mí bí ẹni tó bá mi ṣe ọmọdé pọ̀. Wọ́n kó ẹja lọ, wọ́n kó irú lọ, wọ́n já ìwé ìtanràn 400 dọ́là lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n tún tú àpò kejì. Bàtà odò tí mo rà ní àlòkù ní London ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi aṣọ onírun nípọn lẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ lórí òkúta. Mo ti ń fi bàtà yẹn yangàn. Mi ò mọ̀ pé láti ọdún 2008 ni wọ́n ti fòfin de irú rẹ̀ lórílẹ̀-èdè yẹn, nítorí ewédò kan tó ń jẹ́ didymo, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú odò wọn lọ́dún 2004. Aṣọ onírun máa ń pa omi mọ́ra, ewédò náà á sì bá a dé odò míì. Báyìí ni mo ṣe sanwó lórí ẹja kí n tó fojú kan ẹja, tí apẹja sì wọ̀lú láìní bàtà.

Afinimọ̀nà mi kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Orúkọ mi ló ń pè ní ṣákálá, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí bọ̀dá. Ẹnu odò, níbi tí Rakaia ti ń wọ òkun, ló kọ́kọ́ mú mi lọ. Àwọn bàbá àgbàlagbà tò sí etí omi, èjìká kan èjìká, wọ́n ń ju ìwọ̀ síwájú bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ìlù kan náà. Ó ní kí n wò wọ́n dáadáa, kí n sì ju tèmi síwájú gan-an. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kì í wo èèyàn kó tó jùwọ̀. Mo fi apá na ọ̀pá náà tagbáratagbára, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, okùn mi sì lọ́ mọ́ tàwọn bàbá tó wà lápá ọ̀tún mi pátá. Gbogbo wọn dúró. Kò sẹ́ni tó pariwo. Wọ́n kàn tẹ orí ba, wọ́n ń tú okùn náà díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ pé kò burú. Ká ní ọ̀sà tiwa ni, à bá ti gbọ́ orúkọ ìyá mi níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Afinimọ̀nà ní ó jọ pé òkè odò, níbi tí èèyàn ò sí, ló máa dáa fún mi. Mo gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọkọ̀ tó gbé wa lọ kò ní abẹ̀bẹ̀ lábẹ́. Ó ń fa omi mu, ó sì ń fi agbára tú u jáde lẹ́yìn, ìyẹn ló fi ń sáré lórí omi tí kò mu ọmọdé dé orúnkún. Ọmọ ibẹ̀ kan tó jẹ́ àgbẹ̀, Bill Hamilton, ló gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láyé ọdún 1950 sí 1960, torí òkúta ló kún odò wọn, odò náà sì máa ń ya sí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tóóró lórí òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n di irin mú. Mo dìde láti ya fọ́tò tí mo máa gbé sí WhatsApp. Ọkọ̀ náà yí bìrí, fìlà mi bá omi lọ.

A dé ibi ọ̀gbun kan tómi ti dúró díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti yọ àṣírí mi jáde: edé tí mo jí nínú fíríìjì Àǹtí mi. Mo ti so ó mọ́ ìwọ̀ kí afinimọ̀nà tó yíjú. Ó wo edé, ó wò mí, ó sì fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé pé tí sámọ́nì bá ti kúrò nínú òkun, ó ti jẹun tán láyé nìyẹn. Ọ̀rá tó kó sára lókun ló fi ń gun odò dé ibi tó máa yé ẹyin sí, tó bá sì yé e tán, yóò kú. Kí la wá fẹ́ fi tàn án? Ó ní inú ló yẹ ká bí i. Ó gbé irin pẹlẹbẹ dídán kan síta, tó máa ń yí nínú omi, pé bí a bá ń fà á kọjá níwájú ẹja náà, yóò sú u, yóò sì gbé e hán.

Ẹ gbọ́ mi, ẹja tí ebi ò pa! Ebi ni gbogbo ìmọ̀ ìpẹja tí mo gbé ti ilé wá dúró lé.

Ó ní kí n so bẹ́líìtì mọ́ ṣòkòtò rọ́bà tó dé mi láyà, kó fún pinpin, kí omi má baà ráyè wọlé tí mo bá ṣubú. Oúnjẹ àárọ̀ Àǹtí mi kò gbà fún bẹ́líìtì. Mo tú u díẹ̀ nígbà tó kẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí òkúta fi yí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Omi yìnyín gba àyà mi wọlé, ó lọ jókòó sí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ṣòkòtò náà wú bí àpò gàrí tí òjò pa. Èèyàn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni mí, mi ò sì lè gbé ẹsẹ̀. Afinimọ̀nà di okùn èjìká mi mú, ó wọ́ mi gòkè, ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ sókè. Omi tó tú jáde lára mi, mo rò pé kò ní í tán.

Àmọ́ orí mi ò gbàgbé mi. Nígbà tó di ọ̀sán, nǹkan kan fa irin náà nínú omi, gbàà! Kẹ̀kẹ́ tí okùn wé mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ẹja náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan: ara rẹ̀ funfun bí fàdákà, àmì dúdú wà lẹ́yìn àti ní ìrù, erìgì rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Afinimọ̀nà ń pariwo pé kí n jẹ́ kó sáré, kí n jẹ́ kó sáré. Ẹja tèmi, kó máa sáré lọ síbo? Mo ju ọ̀pá sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá okùn mú, mo ń fà á bí a ṣe ń fà á nílé. Okùn náà gé mi látẹ́lẹwọ́, ó sì já, pàù.

Mi ò lè padà sílé lọ́wọ́ òfo. Mo yà sí ilé ìtajà, mo ra odindi sámọ́nì ọba kan, mo tú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í dànù, mo gbé e wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọkọ Àǹtí mi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n béèrè pé ta ló bá mi kó ìfun rẹ̀ jáde tó mọ́ tónítóní báyìí. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí n mú káàdì mi wá. Mo ti gbàgbé káàdì! Gbogbo ẹni tó bá pa sámọ́nì tó ti òkun wá lágbègbè yẹn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sórí káàdì tí wọ́n fún un. Tèmi ṣófo. Òfin ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ta ẹja tó fi ìwọ̀ pa lódò, nítorí náà sámọ́nì ọba tútù tí ẹ bá rí lọ́jà níbẹ̀, ẹja ọ̀sìn ni.

Àǹtí mi fi ata rodo sè é, kò sì sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tó ráhùn.

Nítorí pé sámọ́nì odò ti ń dín kù, lọ́dún 2021 ni wọ́n sọ ọ́ di méjì péré tí apẹja kan lè pa lágbègbè yẹn ní odindi sáà. Mi ò mọ ẹni tó pa òfin náà mọ́ jù mí lọ.