Ìborùn Tó Di Ìbora

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé àjákù aṣọ ẹbí kì í tán nínú ilé: ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti ayẹyẹ àádọ́ta ọdún ẹni tá ò tilẹ̀ mọ̀ dáadáa. Mo gé tèmi sí onígun mẹ́rin, mo rán wọn pọ̀, ó dùn ún wò. Ó wá ku bí n ó ṣe rán ojú aṣọ, òwú àárín àti aṣọ ìsàlẹ̀ mọ́ra, nítorí ìyẹn gan-an ló ń sọ ọ́ di quilt.

Mo ti kà nípa àwọn obìnrin Gee's Bend ní Alabama, tí aṣọ ìbora tí wọ́n fi aṣọ iṣẹ́ gbígbó rán dé ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Whitney ní New York lọ́dún 2002. Mo ní tèmi náà ń bọ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti sọ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, mo fojú fò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, télọ̀ ní Ìbàdàn, ní kí n kàn so ó: kí n fa òwú tó nípọn kọjá, kí n ta á ní kókó, kí n fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ sáàárín kókó kan sí èkejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ti rọrùn jù."

"Èyí tó rọrùn ni wàá lè ṣe."

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, mo pa fóònù.

Free motion ni mo yàn. Èèyàn á rẹ eyín irin tó ń fa aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa darí aṣọ síbi tó bá wù ú. Òdòdó kan tí mo rí nínú àwòrán ló wọ̀ mí lójú. N ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ńlá tó ń rìn lórí férémù, tí aṣọ dúró jẹ́ẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe é. Èmi ń ki aṣọ bẹ́ẹ̀dì odidi sínú àlàfo ẹ̀rọ ilé. Bí ẹsẹ̀ mi bá sáré lórí pẹ́dáàlì, ọwọ́ mi á dúró. Bí ọwọ́ bá jí, ẹsẹ̀ á sùn. Ojú ìrán kan kéré débi tí kò ṣe é tú, èkejì gùn débi tí ìka lè há sí i. Òdòdó wá dà bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀.

Òtútù ọjọ́ náà ló jẹ́ kí n fi ìborùn kọ́ èjìká. Agbẹ́rù kan tẹ aago ẹnu ọ̀nà, mo dìde, aṣọ ìbora bá mi dìde, ẹ̀rọ ń wọ́ bọ̀ lórí tábìlì. Mo ti rán etí ìborùn mọ́ òdòdó! Ibi tí mo so mọ́ ni mo ti ń pariwo pé kó gbé ẹrù náà sílẹ̀ síta.

Lẹ́yìn tí mo tú gbogbo rẹ̀ (ẹ má bi mí bó ṣe pẹ́ tó), mo bọ́ sórí ìlà gbọọrọ. Eyín ìsàlẹ̀ ń fa aṣọ ìsàlẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tẹ tòkè mọ́lẹ̀, ni ankara bá ń ká jọ níwájú abẹ́rẹ́. Walking foot, ẹsẹ̀ tó ní eyín tirẹ̀ tí òkè àti ìsàlẹ̀ fi ń jọ rìn, ni ibẹ̀ ń fẹ́. N ò ní in. Mo sì ti ṣahun píìnì, aṣọ ìsàlẹ̀ ṣẹ́ po, mo rán an mọ́ ara rẹ̀.

Mo pe Ìbàdàn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ní kí n ta kókó yẹn?"

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára?"

Mo so ó, ó sì móoru. Mo ti ra walking foot sílẹ̀ de èyí tó kàn. Ti ẹ̀rọ tí òpó ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ni mo rà. Kúkúrú ni tèmi.