Ìyá Whistler

Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán ará ilé ní láti kọ́kọ́ rí ẹni tí yóò jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọdé kò ṣeé lò: kí wọ́n tó ya imú rẹ̀ tán, ó ti sá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá ló máa ń kù. Ní 1871, ní Lọ́ńdọ̀nù, James Whistler, ọmọ Amẹ́ríkà, fẹ́ ya ìyá rẹ̀ ní ìdúró. Ó rẹ màmá; ni wọ́n bá gbé àga fún un, pẹ̀lú àpótí ìtìsẹ̀. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ síni, ó káwọ́ lé itan, bí ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ pẹ́. Ọmọ wá sọ àwòrán náà ní “Ìtòpọ̀ Eérú àti Dúdú, Nọ́ńbà 1”. (Nílé Yorùbá, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ á di ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí.) Aráyé kò gbà, “Ìyá Whistler” ni wọ́n ń pè é.