Ẹni Tó Ni Bọ́ọ̀lù

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin ọdún 2021, mo fò sókè lórí àga aládùúgbò mi ní Houston. Ẹlẹ́rìndòdò tó wà lọ́wọ́ mi dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, ajá rẹ̀ sá wọ abẹ́ tábìlì. Orúkọ ọmọ kan tí wọ́n yàn lórí tẹlifíṣọ̀n ló fà á: Odafe Oweh. Ẹni tó bá dàgbà sí Warri bíi tèmi kò nílò ògbufọ̀. Orúkọ Urhobo ni; ọlọ́rọ̀ ló túmọ̀ sí. Ní àdúgbò wa nítòsí Enerhen Junction, bí o bá ké "Odafe!" lẹ́ẹ̀kan, ọmọ mẹ́ta ló máa dáhùn, ọ̀kan nínú wọn á sì jẹ ọ́ lówó.

Mo ń pariwo pé, "Ọmọ wa ni! Ọmọ wa ni!" Yorùbá ni mí o. Ará Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, iṣẹ́ ilé-ìfọpo ló gbé e dé Warri. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti dé ìlú òyìnbó, gbogbo ẹ̀yà ló ń di ẹbí. Ẹni tí ẹ ò jọ kí ara yín nílé á di àbúrò yín ní Texas.

Aládùúgbò mi, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí n kò rí kó bínú rí, káwọ́ lérí. Ó ní, "Òdo! Òdo ni ọmọ yìí ní lọ́dún tó kọjá!" Iṣẹ́ ọmọ náà ni pé kó máa bi ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì ṣubú kó tó ráyè ju bọ́ọ̀lù. Ní yunifásítì Penn State lọ́dún 2020, kò bi ẹyọ kan ṣubú. Síbẹ̀, Baltimore Ravens mú un ní yípo àkọ́kọ́, òun ni ẹnì kọkànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n yàn lọ́dún náà. Bàbá ní àpọ́njù gbáà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i rí. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a jù, ó sì rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ. Ní oṣù kẹrin ọdọọdún, ẹgbẹ́ 32 tó ń fi í ṣe òwò á máa yan àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, yípo méje gbáko. Dírààfù ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù lọ́dún tó kọjá ló ń yàn kẹ́yìn, èyí tó ṣe játijàti jù ló ń kọ́kọ́ mú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹnu yà mí. Nílé, ẹgbẹ́ tó bá gbẹ́yìn nínú líìgì, ṣe ni wọ́n ń lé e sọ̀kalẹ̀. Ta ló ń bu ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò fún un?

Oṣù mélòó kan kí dírààfù tó dé ni àwọn kan ti ń jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú táì lọ́rùn, tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa sọ ọmọ tó jẹ́ àpọ́njù àti ọmọ tí wọ́n ń fojú rénà. Àpọ́njù ni mo wí o, n kò wí ìpọ́njú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan máa ń bí èkejì.

Ọjà àgbò ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ẹni tó bá ti bá bàbá rẹ̀ lọ ra àgbò Iléyá rí mọ bó ṣe ń lọ: wọ́n á la ẹnu rẹ̀ wo eyín, wọ́n á di ìwo mú, wọ́n á fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn wò bóyá ọ̀rá wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ yìí gan-an nìyẹn ní Indianapolis kí dírààfù tó dé. Wọ́n á wọn gíga ọmọ, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á ní kó sáré 40 yáàdì, wọ́n á ní kó máa gbé irin tó wúwo tó 225 pọ́ùn títí apá rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Wọ́n á tún ní kó na ọwọ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó àtàǹpàkò dé ṣóńṣó ìka kékeré. Ní 2022, ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù kan, Kenny Pickett, jẹ́ ínǹṣì 8 àbọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gba ìlú kan bí ẹni pé epo ló tún gbówó lórí. Èmi náà wọn tèmi lórí tábìlì ìdáná. Ó ju tirẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ní ó dáa, kí n fi fọ abọ́.

Kí a má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù, ẹ jẹ́ ká rántí ilé. Ní 2009, tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, FIFA gbé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara dé. Ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọdé ni ọmọdé. Ẹ ò rí nǹkan? Amẹ́ríkà rí ọmọ tó ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù, wọ́n ní kó sáré. Wọ́n rí tiwa tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ní kó na ọwọ́.

Àmọ́ ẹ̀rọ náà kò wá lásán. Ní Warri, ọjọ́ orí mẹ́ta ni agbábọ́ọ̀lù ń ní: èyí tí ìyá rẹ̀ mọ̀, èyí tó wà nínú ìwé, àti ti bọ́ọ̀lù. Ti bọ́ọ̀lù kì í yára dàgbà. Mo mọ ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí mo wà ní 14. Nígbà tí mo fi máa pé 20, ó ti di 17.

Bí wọ́n ti ń wọ̀n tó náà, àwọn ni àgbà ṣì ń pòwe fún: gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ní 2000, ọmọ kan sáré 40 yáàdì náà ní ìṣẹ́jú àáyá 5.28. Ìyá tó gbé agbọ̀n gààrí bọ̀ láti ọjà Igbudu á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Èèyàn 198 ni wọ́n yàn kó tó kàn án. Tom Brady ni. Super Bowl méje ló gbà. Ní 2007, JaMarcus Russell ni wọ́n kọ́kọ́ pè nínú gbogbo wọn: ó ga, ó sígbọnlẹ̀, apá rẹ̀ le bí irin. Nígbà tó fi máa di 2010, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní ó dàárọ̀. Ọmọ Yorùbá wa, Adewale Ogunleye, yípo méjèèje ló kọjá lójú rẹ̀ ní 2000 bí ọkọ̀ tó ti kún, nítorí pé orúnkún rẹ̀ ti ṣèṣe. Miami Dolphins gbà á wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ní 2003, ó bi àwọn ajubọ́ọ̀lù ṣubú nígbà 15. Bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ojú tiwa náà kò fi bẹ́ẹ̀ dá ṣáṣá. Ní 1993 ní Japan, ọmọ Warri, Wilson Oruma, ni balógun Golden Eaglets, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ wa tí kò ju ọdún 17 lọ, tó gba ife àgbáyé, òun náà ló sì gbá góòlù wọlé jù nínú ìdíje náà. Ìlú gbóná. Bí o bá sọ ní Okumagba Avenue nígbà náà pé ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bíi ti lékeléke ni yóò ta gbogbo ẹgbẹ́ yọ, wọ́n á ní kí o lọ lo oògùn ibà. Kanu Nwankwo lọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gba adé agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Oruma náà kò kú sójú ọ̀nà, òun àti Kanu ni wọ́n jọ gba wúrà Òlíńpíìkì ní 1996. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kì í sọ ní Warri pé Kanu dáa ju Oruma lọ. Ohun tí wọ́n á sọ ni pé Kanu ga ju Oruma lọ.

Nígbà tí ìdíje náà wáyé ní Chile ní 2015, Kelechi Nwakali ni wọ́n fún ní bọ́ọ̀lù wúrà. Arsenal mú un lọ́dún kejì, ṣùgbọ́n kò rí ìdíje kan ṣoṣo gbá fún ẹgbẹ́ àgbà wọn. Victor Osimhen, tó ta omi inú ọ̀rá l'Ékòó, gbá góòlù 10 ní Chile yẹn kan náà. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ibà dá a wólẹ̀ ní 2018, ẹgbẹ́ méjì ní Belgium, Zulte Waregem àti Club Brugge, dán an wò, wọ́n ní kò kúnjú òṣùwọ̀n. Charleroi ló ní kó wọlé. Nígbà tí líìgì Ítálì parí ní 2023, góòlù 26 ló ti gbá, ẹgbẹ́ rẹ̀, Napoli, sì gba ife tí wọn kò fọwọ́ kàn fún ọdún 33.

Ibi tí ilé ti dára ju òkèèrè lọ nìyí. Ní ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa, bọ̀dá kan dìde ní 2018, ó ní àwọn ará Belgium ríran, pé Osimhen kò ní dé ibì kankan. Títí di òní, "Waregem" lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní Waregem. Nígbà tó ṣe ìkómọ, Waregem ni wọ́n kọ sára àpò ìwé tí wọ́n fi owó sí. Ṣùgbọ́n ní 2024, tí Odafe bi ajubọ́ọ̀lù ṣubú nígbà 10, mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò mi, mo rán an létí òdo. Ó wò mí títí, ó ní òun kò rántí pé òun sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ò ní ẹlẹ́rìí lọ́hùn-ún, àfi ajá.

Kí n tó mọ dírààfù Amẹ́ríkà ni mo ti mọ tiwa. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ méjì tó mọ̀ ọ́n gbá jù á dúró láàárín pápá, wọ́n á ju sílípáàsì kan sókè láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ yàn, òkúta méjì méjì sì ni ilé góòlù. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ yàn. Ọmọ ọ̀gá kan ni, tó ń sáré bíi pẹ́pẹ́yẹ tó mu yó. Iwájú ló ń gbá, òun ló ń gba pẹnáritì, bó bá sì ta á sí gọ́tà, a ó ní atẹ́gùn ni. Kí ló dé? Òun ló ni bọ́ọ̀lù. Bí a kò bá kọ́kọ́ mú un, á gbé e sábíyá, ó di ilé.

Èmi ni wọ́n ń yàn kẹ́yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í tilẹ̀ yàn mí, wọ́n á ní kí n máa ṣọ́ sílípáàsì. Ẹ sì mọ ohun tí Warri fi ń yangàn, tó wà lára kẹ̀kẹ́ àti ara ṣẹ́ẹ̀tì: "Warri no dey carry last." Ọmọ Warri kì í gbẹ́yìn. Èmi ni mo ń ba orúkọ ìlú jẹ́. Ká ní mo mọ̀, mi ò bá ti tètè lọ sí Amẹ́ríkà. Láti 1976 ni wọ́n ti ń ṣe àríyá ọ̀sẹ̀ kan ní Newport Beach fún ẹni tí wọ́n bá yàn kẹ́yìn pátápátá. Wọ́n á fún un ní ère agbábọ́ọ̀lù tí bọ́ọ̀lù ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Kò-jámọ́-nǹkan. Ti ọdún 2022 ni Brock Purdy, ẹni 262. Kò pé ọdún méjì tó fi ṣáájú San Francisco 49ers dé Super Bowl.

Mo ti wá ro ó jinlẹ̀. Ojú àwọn tó ń yàn kò fọ́. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí bọ́ọ̀lù má lọ sílé. Ọmọ tó wá láti yunifásítì tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé kiri, tí gbogbo ìlú ti ra ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òun ló ni bọ́ọ̀lù. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí kò mú un?

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ará òkèèrè. Ní oṣù Kejìlá tí mo délé, láti pápá òfuurufú Osubi ni wọ́n ti ń pè mí lọ́gàá. Wọ́n gbé ọbẹ̀ banga àti stááṣì kalẹ̀. Àwo tèmi, orí ẹja ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń wẹ ìyá wa, tó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn láti ọdún mẹ́sàn-án, ìrù ló kàn án. Dọ́là tí mò ń fi ránṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orí ẹja náà dùn.

Lọ́jọ́ kejì mo mú bọ́ọ̀lù tuntun tí mo rà bọ̀ láti Houston, mo gba pápá lọ. Pidgin la jọ ń sọ níbẹ̀ o, èmi ni mò ń túmọ̀. Ọmọ méjì dúró láàárín, sílípáàsì kan fò sókè. Ẹni tó wọlé fún kò tilẹ̀ wo ẹlòmíràn. Ó na ìka sí mi: "Ọ̀gá!" Ọmọ ọdún 47 ni mí, mo ní ikùn, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n kọ́kọ́ yàn mí ṣáájú láyé mi. Wọ́n fi mí síwájú. Pẹnáritì dé, wọ́n ní èmi ni. Mo ta á sí gọ́tà. Gbogbo wọn ní atẹ́gùn ni.

Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, itan mi fà. Wọ́n gbé mi jáde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀." Wọ́n fi mí jókòó ti ọmọkùnrin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, òkìtì sílípáàsì wà níwájú rẹ̀. Inú mi yọ́ sí i. Mo bi í pé, "Báwo lo ṣe rí eré mi?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń wo àgbò. Ó ronú díẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, bọ́ọ̀lù yín dáa."