Agbálẹ̀ Ẹja

Ẹni tó bá ń sin ẹja òkun sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ ti gba iṣẹ́ agbálẹ̀ láìgba owó oṣù. Ẹja ni àlejò ń wò. Iyanrìn ni onílé ń wò. Ẹja á jẹun yó, á yàgbẹ́ sórí iyanrìn funfun tí wọ́n fowó gidi rà, á sì máa wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni pé òun kọ́.

Lítà omi kan ń fẹ́ iyọ̀ bíi gíráàmù 35, nítorí náà, bí ẹ bá ti ń fi rọ́bà fa ìdọ̀tí, owó ló ń bá a ṣàn lọ. Ẹ má sì fọ gbogbo iyanrìn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo o! Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí tó ń pa oró ìgbẹ́ ẹja ń gbé. Ta ló ń lé ayálégbé tó ń san owó? Apá kan lónìí, apá kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn kan ra ẹja góbì kó bá wọn ṣe é. Á bu iyanrìn sẹ́nu, á ṣa oúnjẹ inú rẹ̀ jẹ, á sì tú ìyókù jáde lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó mọ ilẹ̀ gbá lóòótọ́, àmọ́ orí iyùn olówó gọbọi inú àpótí náà ló ń da pàǹtí sí.

Ní tèmi, ẹ ra ìgbín òkun kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Nassarius. Abẹ́ iyanrìn ni wọ́n ń sùn, àjẹkù ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í sì í ba iyùn oníyùn jẹ́.