Atọ́ka Méjìdínlógójì àti Ọwọ́ Mi Tí Kì Í Sinmi

Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ìwé rí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi wá àwíjàre. Mo tan áyọ́ọ̀nù, mo wọ́n omi sí Atọ́ka kan tó ti dáyé kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, mo sì ń rọra lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ agbádá tó fẹ́ wọ̀ lọ sóde ìyàwó. Nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú, mo rò pé eruku ọjọ́ pípẹ́ ló ń jáde.

Ọmọdé òde òní lè má mọ Atọ́ka. Ìwé ìròyìn là ń pè é, àmọ́ kò sí ìròyìn nínú rẹ̀, eré ni. Ní 1967 ni West African Book Publishers ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde, Ṣẹ́gun Ṣófowótẹ̀ sì ni olóòtú rẹ̀. Wọn kì í fọwọ́ ya àwòrán inú rẹ̀ bíi ti àwọn òyìnbó. Fọ́tò ni, dúdú òun funfun, tí wọ́n tò tẹ̀ léra, tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu eléré kọ̀ọ̀kan nínú òbíríkítí funfun. Àwọn òṣèré orí ìtàgé tí à ń sanwó kí a tó rí, irú Oyin Adéjọbí, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, wá jókòó sórí itan wa nínú ilé. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì a tún máa ka Africa Film tí Drum ń tẹ̀, níbi tí Lance Spearman, Spear tiwa, ti ń fi sìgá ńlá sẹ́nu lé ọ̀daràn kiri. Apá gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń ya fọ́tò rẹ̀. Èmi rò pé ọmọ Súrùlérè ni.

Ní agbo ilé wa ní Ìbàdàn, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo ilé ká. Ẹni tó mọ̀wé á kà á sókè, ẹni tí kò mọ̀wé á máa wo fọ́tò, á sì máa ṣépè fún ọ̀dàlẹ̀ inú eré. Tó bá wá ku díẹ̀ kí àṣírí tú, wọ́n á ní ó di inú ẹ̀dà tó ń bọ̀, gbogbo agbo ilé á kanrí. Ìyá mi tó ń ta aṣọ ló ń rà á. Tí a bá ti kà á tán, á gbà á padà lọ́wọ́ wa, á tì í bọ inú àpótí abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi rò pé ìfẹ́ Adéjọbí ló ń ṣe ìyá mi.

Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wàhálà dé. Mo wà nínú ọkọ̀ nígbà tí mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ta ẹ̀dà kan Action Comics àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ìwé 1938 tí Superman ti kọ́kọ́ yọjú, ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde. Mo sì rántí ohun tí mo ti kà tẹ́lẹ̀, pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó dá Superman sílẹ̀, Jerry Siegel àti Joe Shuster, 130 dọ́là péré ni wọ́n gbà, wọ́n sì fi gbogbo ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní lórí rẹ̀ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní àwọn kan kò mọ iye ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Mo bá yí ọkọ̀ padà, ó di ilé ìyá mi.

Mẹ́rìnlélógún ni mo bá nínú àpótí. Ìyá mi ní kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. Mo ní mo fẹ́ tọ́jú wọn.

"Ṣé ara wọn ò yá ni?" Ó ní kí n rí i pé mo dá wọn padà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun àtijọ́, tó bá bi mí, ìmọ̀ràn kan ni mo ní fún un: kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Bàbá kan wà tó máa ń to ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Dùgbẹ̀. Mo rí Atọ́ka mẹ́rìnlá lọ́dọ̀ rẹ̀, lábẹ́ àwọn ìwé ìṣirò. Ó ní kí n mú ẹgbẹ̀rún kan náírà wá, kí n kó gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà nínú àpò. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ń yún mi láti àárọ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé irú ìwé báyìí, wọ́n ta ọ̀kan ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ní Amẹ́ríkà?"

Bàbá yọ jígí ojú rẹ̀. "Mílíọ̀nù mélòó?"

"Mẹ́fà, sà."

"Náírà?"

"Dọ́là ni, sà."

Ó rọra gba àwọn ìwé náà lọ́wọ́ mi, bí ẹni ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọmọ gbé, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nù wọ́n. "Ọmọ mi," ó ní, "kì í kúkú ṣe pé mo fẹ́ tà wọ́n tẹ́lẹ̀."

A ná an títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì ló jálẹ̀ sí. Mo fi ìka tọ́ àbàwọ́n omi ńlá kan lára ọ̀kan, mo ní kó yọ owó kúrò nítorí ìyẹn. Bàbá wò mí pẹ̀lú àánú. "Omíyalé nìyẹn. Omíyalé 1980. Odò Ògúnpa gbé ilé lọ, ó gbé mọ́tò lọ, ó gbé èèyàn lọ, kò rí èyí gbé. Ṣé ìwé lásán lẹ wá pe ìyẹn?" Ojú tì mí. Mo fi ẹgbẹ̀rún méjì kún un nítorí omi náà. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé 1983 ni wọ́n tẹ èyí tó la omíyalé 1980 já.

Àwọn Amẹ́ríkà ní iléeṣẹ́ kan, CGC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó yẹ ìwé àwòrán wò fínnífínní, kí ó fún un ní máàkì láti 0.5 dé 10, kí ó sì tì í mọ́ inú ike líle. Bí pínnì àárín rẹ̀ bá dípẹtà, wọ́n á yọ máàkì. Bí èèpo rẹ̀ bá ya, wọ́n á yọ máàkì. Bí ẹnìkan bá ti kọ nǹkan sára rẹ̀, wọ́n á tún yọ. Èmi náà bọ́ sórí àga, mo fi jígí sójú, mo sì fún tèmi ní máàkì. Èyí tó fìdí rẹmi jù lọ gba 8. Ọ̀kan wà tí kò ní èèpo rárá, mo fún un ní 8.5 nítorí pé eré inú rẹ̀ dùn.

Ìtọ́jú ló kàn. Àwọn ìwé náà ń rùn bí àpótí àgbà, mo bá sá wọn sóòrùn lórí ẹní bí ẹni sá èlùbọ́, mo sì wọlé lọ jẹun. Nígbà tí mo jáde, ewúrẹ́ aládùúgbò ti ka ẹ̀dà kan dé ìdajì. Kò bi í bóyá ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni. Àwọn tó kù ti pọ́n bí èèpo àgbàdo gbígbẹ. Igi tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fi ń ṣe irú pépà olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, ohun tó sì kù nínú igi náà kì í bá òòrùn ṣọ̀rẹ́: bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń kàn án, á máa pọ́n, ásíìdì inú rẹ̀ á máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀, títí yóò fi máa rún lọ́wọ́ ẹni bíi bísíkíìtì. Ohun tó yẹ kó gba ìwé mi lọ́pọ̀ ọdún, mo bá a ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán.

Òòrùn ló mú kí etí wọn ká sókè. Kíká tó ká ló mú mi gbé áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù ọ̀hún fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí orí ọba kan nínú eré, títí dòní ló dà bíi pé kábíyèsí dé adé méjì. Àwọn ewé tí iná ti mú gbẹ wá ń ya, mo bá ra sẹ́lótéèpù, róòlù mẹ́ta. Ẹni tí kò bá tíì lò ó sára ìwé àtijọ́ kò ní mọ ìwà rẹ̀. Á kọ́kọ́ dán, inú ẹni á dùn. Tó bá yá, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á rì sínú pépà, á di àwọ̀ ìyeyè, téèpù fúnra rẹ̀ á wá ṣí bọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Láàárín gbogbo èyí ni mo gbọ́ ìtàn Nicolas Cage, òṣèré fíìmù, tí wọ́n jí Action Comics tirẹ̀ gbé ní 2000, tí kò rí i mọ́ títí di 2011. Oorun ò kun ojú mi lóru ọjọ́ náà. Mo ra àgádágodo ńlá sí àpótí, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́ fún olè. Mo fi pamọ́ fún ara mi pẹ̀lú. Òòlù la fi ṣí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì fi ibi tó bá kọjá hàn lára ẹ̀dà méjì tó wà lókè.

Èyí tó dùn mí jù nínú ìtọ́jú ọ̀hún ni lámínéètì. Mo kó mẹ́fà tó dára jù, mo gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ọmọkùnrin ibẹ̀ bi mí léèmejì: "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú? A máa ní láti yọ pínnì, ká já a ní ewé kọ̀ọ̀kan o." Mo ní ṣé kò rí i pé ìwé olówó ńlá ni? Nígbà tó ṣe é tán, kò sí ìwé mọ́. Ohun tí mo kó délé ni àìmọye ewé líle tó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, tí kò ṣeé dì papọ̀, tí kò sì ṣeé tú láéláé. Ìyàwó mi wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń gbé ìkòkò gbígbóná lé wọn lórí tábìlì, a sì máa ń fi omi ọṣẹ nù wọ́n. Àlejò tó bá jẹun tán nílé wa a máa bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré lẹ́yìn ti abẹ́ àwo tirẹ̀.

Mi ò tíì sọ ti kílínà.

Àwọn mẹ́rìnlélógún tó wá láti ilé, etí wọn kún fún pẹ́ńsù. Èèyàn kan ti kọ nǹkan sí gbogbo àyè funfun: ìlà, àgbélébùú, nọ́ńbà, orúkọ tó gé kúrú. Mo rò pé àwa ọmọ la fi ṣeré. Mo rántí pé máàkì ń yọ nítorí ìkọkúkọ, mo bá ra kílínà mẹ́rin tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, mo sì fi alẹ́ mẹ́ta nu wọ́n láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo ṣe tó yọrí láìsí àbàwọ́n. Wọ́n mọ́ tónítóní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ìwé, ló wá kí wa. Mo gbé àpótí síwájú rẹ̀, mo ń retí kó yìn mí. Ó ń ṣí wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀.

"Dádì, ta ló ṣe wọ́n báyìí?"

"Bàbá tó tà wọ́n fún mi ni."

"Lámínéètì náà ńkọ́?"

"Òun náà ni."

"Rìsíìtì rẹ̀ nìyí. Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé gbogbo ohun tí ìwé náà ń fẹ́ ni ọ̀rá poliẹ́sítà tó mọ́ gaara, páálí tí kò ní ásíìdì lẹ́yìn rẹ̀, àti ibi òkùnkùn tó tutù, tó sì gbẹ, kí ọwọ́ tó gbá a mú mọ́, kó sì gbẹ. Ó ní kí n má ṣe ohunkóhun sí i tí kò ṣeé tú. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀dà kan sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Dádì, ẹ ò pa nǹkan kan rẹ́ níbí, àbí?"

Mo gbójú sókè, mo ń wo fáànù.

Ọjọ́ kejì la gbé wọn lọ fún ìyá mi. Kò wo fọ́tò kankan. Ó ń ṣí wọn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, ó ń fa etí ìwé mọ́jú, ó tún mú òmíràn.

"Àkànní, àwọn onígbèsè mi dà?"

"Onígbèsè wo, Màmá?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀. Ìyá mi kì í ra ìwé àkọsílẹ̀ fún àwọn tó ń ra aṣọ àwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀, àwa ọmọ á ya á fi ṣe bàlúù. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó jẹ́ ya Atọ́ka. Etí Atọ́ka ló ń kọ wọ́n sí. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbà á padà lọ́wọ́ wa. Àgbélébùú túmọ̀ sí pé ẹni náà ti san.

"Ìyá Rísì ṣì jẹ mí ní náírà méje àti àádọ́ta kọ́bọ̀ láti 1978," ó ní. "Mi ò bèèrè rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìwé wà. Tí a bá pàdé lóde, òun ló ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó jù mí lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un báyìí?"

Mo ní kó má bínú, pé èmi á san án. Mo na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i. Kò gbà á.

"Ṣé ìwọ lo sọ fún mi pé ohun tí wọ́n rà ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá ti di mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là?"

"Èmi ni, mà."

Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. "Ṣírò tèmi náà bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà yọ fóònù rẹ̀. Ó ní ìlọ́po mílíọ̀nù ọgọ́ta ni, nítorí náà náírà méje àbọ̀ ti di mílíọ̀nù 450 náírà. Ìyá mi mi orí bí ẹni pé iye tóun náà ní lọ́kàn nìyẹn. Ó ní òun ò ní gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí ẹnìkan bá òun mú pẹ́ńsù wá. Ó mú Atọ́ka kan tí etí rẹ̀ mọ́ jù, ó fi jígí sójú, ó kọ "Àkànní" síbẹ̀, ó kọ iye náà sí iwájú rẹ̀, ó wá ti ìwé náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.