Àwo Sunny Tó Kùnà: Ẹ Dìde Kí Ẹ Tó Dájọ́

Àìsàn kan ń jà lágbègbè Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn báyìí. Kì í ṣe ibà, kì í sì í ṣe ọ̀fìnkìn. Ẹni tó bá ti kọlù á ṣàdédé máa yin àwo orin tí gbogbo ayé ti pa tì láti bí ogójì ọdún, á sì máa wò yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ṣẹ olórin náà. Ẹ dán an wò, ẹ ní Juju Music ti Sunny Adé lẹ fẹ́ràn jù. Á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn wà fún èrò ọjà. Ẹ lọ gbọ́ Aura."

Mẹ́ta nínú àwọn aláìsàn náà ni mo mọ̀ dáadáa, nítorí pé ìdí ẹja kan náà la jọ ń jókòó sí, lẹ́bàá omi tí ìjọba amúnisìn sé ní 1942. Ọ̀kan jẹ́ agbẹjọ́rò tó ti fẹ̀yìn tì. Èkejì ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ẹ̀kẹta kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún: Sunny ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Island, ilé-iṣẹ́ Òyìnbó tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, tipẹ́ kí bàbá rẹ̀ tó mọ ìyá rẹ̀. Òun gan-an ló ń pariwo jù. Ó ní a kò gbọ́ àwo náà yé nígbà yẹn. Mo bi í pé, "Àbúrò, àwa wo?"

Ẹ jẹ́ kí n rán ẹni tó bá ti gbàgbé létí bí ẹjọ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Bob Marley, olórin régè tó wà lọ́dọ̀ Island, kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1981. Chris Blackwell, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ Island, ń wá ẹni tí yóò gorí àga tó ṣófo. Ojú rẹ̀ bọ́ sí Sunny Adé. Kò sí Ifá tí wọ́n dá, kò sí afọbajẹ tí wọ́n bi léèrè. Ọmọ ọba Oǹdó sì ni Sunny fúnra rẹ̀, ó mọ̀ pé a kì í jẹ oyè ìdílé onídìílé, àmọ́ àwọn Òyìnbó ti kó adé dé. Juju Music jáde ní 1982, Martin Meissonnier ará Faransé ló ṣe kòkáárí rẹ̀, ayé gbọ́, ayé sì jó. Synchro System tẹ̀lé e ní 1983, ó sì mú kí wọ́n yan Sunny fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Ìgbà tó di 1984 ni Aura dé. Orin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, Stevie Wonder fúnra rẹ̀ sì fọn hàmóníkà sí "Ase". Ẹ wo irú àlejò bẹ́ẹ̀! Síbẹ̀ àwo náà kò tà tó bí wọ́n ṣe retí. Àwọn oníṣirò Island wo ìwé wọn, wọ́n ní ó dàbọ̀. Kò sì pẹ́ náà tí African Beats, ẹgbẹ́ olórin Sunny, fúnra rẹ̀ tú ká.

Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ àwo yìí? Ìlù ni. Ẹ̀rọ tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé wọ inú iṣẹ́ yìí, ohun tó wà lóde nígbà náà. Nínú àwọn àwo tí Sunny ṣe fún wa nílé, gángan ni í béèrè ọ̀rọ̀, gìtá á dáhùn, ẹni tó ń lù ú á dákẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wọlé, á tún fún awọ mọ́ra, á fi òwe kan gún ẹnìkan tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí gángan tó pa òwe dé ìdajì, ẹ̀rọ ti kọjá lọ, ó ń lọ síbi tí kò sẹ́ni tó rán an. Ẹ má gbàgbé pé ojú kan nínú àwo jùjú ilé lè lọ láìdúró títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín, torí ẹni tí wọ́n ń náwó fún lójú agbo, a kì í já orin mọ́ ọn lẹ́nu. Òyìnbó ní tirẹ̀ ń fẹ́ orin tí rédíò lè fi sí àárín ìpolówó ọṣẹ méjì.

Kì í ṣe Sunny nìkan ni ìlù ti bá ṣẹjọ́. Fela wà lẹ́wọ̀n nígbà tí Bill Laswell gbé Army Arrangement rẹ̀, tó tún un tò, tó fi ìlù àti dùùrù ẹlòmíràn kún un. Nígbà tí Fela gbọ́ ọ, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ní Amẹ́ríkà, Metallica, àwọn olórin onígìtá tó máa ń bú bí àrá, gbé St. Anger jáde ní 2003. Gìtá kò dá gba agbo rárá nínú rẹ̀, onílù wọn, Lars Ulrich, sì tú okùn tó wà nísàlẹ̀ ìlù rẹ̀, ló bá ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí irin lu garawa. Àwọn olólùfẹ́ wọn ṣépè fún wọn lọ́dún náà. Lónìí, ẹ lọ bi wọ́n, àwọn kan á ní òótọ́ inú pọ̀ nínú garawa yẹn. Ká ní ìdí ìnáwó ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti lù ú, ìyá ìyàwó ni ìbá kọ́kọ́ béèrè owó àsansílẹ̀ rẹ̀ padà.

Èmi kò bá àtúnyẹ̀wò jà. Mo kàn ń bẹ̀rù rẹ̀ ni. Ọdún 1984 tí Aura jáde náà ni ìjọba ológun Buhari ń fi kòbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò lórí ìlà. Ní 2015 a tún ìjọba náà yẹ̀ wò, a ní a kò gbọ́ ọ yé nígbà àkọ́kọ́, a dìbò fún Buhari. Ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta àpò ìrẹsì nígbà tí àwo ìjọba náà yí tán. Ẹni tó bá tún Aura yẹ̀ wò ní tirẹ̀, owó iná nìkan ló máa pàdánù.

Mo wá gbé ẹjọ́ yìí lọ síbi tó yẹ ká ti gbọ́ ọ látilẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan pé ọgọ́rin ọdún, mo sì bẹ díjéè níbi ìnáwó rẹ̀ pé kó fi "Ase" há àárín orin Sunny àtijọ́ méjì, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé kọ́kọ́ ń mi orí. Nígbà tí hàmóníkà wọlé, màmá kan bi ẹni tó jókòó tì í pé ta ló ń súfèé níbẹ̀ yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ mú fóònù jáde. Ọ̀pọ̀ jókòó, mo sì rò pé ìdájọ́ ti dé nìyẹn. Àfi bàbá kan tó wọ agbádá funfun, tí kò jókòó. Kò tẹ̀lé ẹ̀rọ rárá. Ó ń wá gángan kiri lábẹ́ rẹ̀, ó ń fi èjìká rí i, ó ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀ bí àgbà ṣe máa ń jó, títí tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi dìde wá náwó fún un (tí EFCC, àwọn tó ń mú ẹni tó bá náwó lójú agbo, bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, afẹ́fẹ́ ló ń ná o). Nígbà tí orin parí, ó béèrè pé inú àwo wo lèyí ti wá, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọn oníṣirò Island àti àwọn ọ̀rẹ́ mi nídìí ẹja, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ìjókòó ni ìkíní fi dá àwo náà lẹ́bi, ìjókòó náà ni ìkejì fi ń dá a láre. Ọ̀kan ń ka owó, èkejì ń ka ara rẹ̀ mọ́ ọlọ́gbọ́n. Kò sẹ́ni tó bi ìbàdí léèrè.

Sunny ní tirẹ̀ kò dúró de ìdájọ́ kankan. Ó padà sílé, ó ń jó lọ ní tirẹ̀, ó sì fi àwo Odù, tó kún fún àwọn orin ìbílẹ̀ wa, tún rí yíyàn fún Grammy ní ìparí àwọn ọdún 1990 sí 1999. Kò sí adé Marley lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, fìlà tirẹ̀ ló dé.

Ìdájọ́ tèmi rèé: mo dá orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, mo fi ẹ̀rọ sẹ́wọ̀n, kí ẹni tó fi oyè olóyè jẹ Sunny sì san owó ẹjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ojúlówó àwo náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá yín, ẹ má tà á fún Òyìnbó tó ń ra àwo àtijọ́ kiri. Ẹ gbé e wá sí ìdí ẹja ní Ẹlẹ́yẹlé. Ẹ̀rọ tó ń yí àwo wà, agbẹjọ́rò ti ṣe tán. Epo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni a ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì wọ bàtà tí ẹ kò lè jó nínú rẹ̀.