Òyìnbó Kọrin, A Lẹ Owó Mọ́ Ọn Níwájú

Mo júbà ẹ̀yin ìyá wa kí n tó la ẹnu, nítorí ẹni tó bá ṣẹ̀fẹ̀ láìjúbà, ọ̀fun rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Ẹ̀yin ará Ahoyéyé, ará Pobè, ará Sakété, ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Òyìnbó tí ẹ máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ níwájú, ó kàn wá jẹ́rìí ni.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Òyìnbó kan á balẹ̀ sí gbàgede wa. Bùbá tó wọ̀, apá rẹ̀ ò dé ọrùn ọwọ́. Gèlè orí ìyàwó rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Òyìnbó á gba makirofóònù, á kọ ẹsẹ orin Yorùbá kan péré. Ariwo á ta! Àwọn ìyá á dìde, bàbá tí kò yọ kọ́bọ̀ nígbà tí wọ́n ń dáwó àtúnṣe ojúbọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò. "Ó mà gbọ́ Nàgó o!" Kò gbọ́. Òun gan-an mọ̀ pé òun ò gbọ́. Ohùn tó yẹ kó gòkè ti sọ̀ kalẹ̀, èyí tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ ti dúró sí agbede méjì. Orin tó fẹ́ fi yin ìyá ìyàwó ti di èébú, ìyá ìyàwó sì ń jó o. A ń lẹ ẹgbẹ̀rún sẹ́fà mọ́ ọn níwájú orí, òógùn òyìnbó sì ń gbé owó náà dání dáadáa.

Òrò Ẹ̀fẹ̀ tiwa, olórin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ńkọ́? Ọkùnrin tó gbé ère sórí, tó di aṣọ lé aṣọ, tó ń kọrin láti ọ̀gànjọ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, tí kò ṣi ohùn kan ṣoṣo? Ẹ̀yin ń tòògbé lórí ẹní. Ẹ jí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní ti èṣí dùn jù báyìí lọ, ẹ tún padà sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fún un ní ọtí sódabì.

Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ni, nígbà tó sì di 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Àwọn kan tí wọ́n ti ń pè é ní iṣẹ́ abọ̀rìṣà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wá rántí lójijì pé bàbá àwọn ló gbẹ́ ère. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ère wo. Ó ní òun á pè mí padà.

Àwọn ọmọ wa náà kò gbẹ́yìn. Ẹ ṣáà mọ orin tí wọ́n fi ń lé aláwọ̀ funfun kiri láti Kùtọnu títí dé Pobè, èyí tí wọ́n ń pè é ní yovó nínú rẹ̀. Nínú orin yẹn, ọmọ á kí òyìnbó ní èdè Faransé, á béèrè àlàáfíà rẹ̀, á bá a dáhùn pé dáadáa ni, á tún bá a dúpẹ́. Òyìnbó kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ mọ́, wọ́n ti bá a parí ìjíròrò náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwa àgbà ṣe ń gbàlejò. A kì í jẹ́ kí àlejò ṣe nǹkan kan tó máa jẹ́ ká lè bá a wí.

Àwọn òyìnbó kan wà tí wọ́n rí ìbáwí gbà, ó sì ṣe wọ́n lóore. Ẹ wo Pierre Verger, ará Paris tó ń ya fọ́tò. Kétu tó wà lókè wa níbí ló ti tẹ Ifá ní 1953, tí wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí. Àwọn babaláwo Kétu kò pàtẹ́wọ́ fún un nítorí pé ó lè kí wọn láàárọ̀. Wọ́n ní kó jókòó, kó kọ́ odù, kó mọ ewé. Ó mọ̀ ọ́n débi pé ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Ewé jáde ní 1995, ọdún kan kó tó kú ní Bahia. Tàbí ẹ wo Susanne Wenger, ọmọ Austria, tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí òrìṣà sì gbà á mọ́ra. Àdùnní ni wọ́n ń pè é ní Òṣogbo títí ó fi kú níbẹ̀ ní 2009. Wọn kò lẹ owó mọ́ ọn. Iṣẹ́ ni wọ́n fún un, ó sì ń ṣe é nínú igbó Ọ̀ṣun títí ó fi darúgbó.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé olè ni gbogbo wọn, pé wọ́n fẹ́ jí orin wa gbé, ẹ farabalẹ̀. Nígbà tí Paul McCartney, olórin òyìnbó, wá gba ohùn sílẹ̀ ní Èkó ní 1973, Fẹlá gbéra, ó lọ bá a ní situdíò, ó ní orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí. Ọkùnrin náà fi orin tó ti ṣe gbọ́ ọ. Fẹlá tẹ́tí, kò bá ẹrù ilẹ̀ wa kankan níbẹ̀, ló bá gba ilé rẹ̀ lọ. Èyí tó gbé ẹrù ńkọ́? Serge Gainsbourg, olórin Faransé, ṣe àwo kan ní 1964. Àwọn orin kan nínú rẹ̀ wá tààrà láti inú Drums of Passion tí Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, gbé jáde ní 1960. Nígbà tí àwo náà jáde, ẹ kò lè rí orúkọ Ọlátúnjí lára rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Gainsbourg kò béèrè ọ̀nà Sakété lọ́wọ́ ẹnì kankan. Òyìnbó tó ń làágùn láàárín yín, tó ń tẹ ẹsẹ̀ onílù mọ́lẹ̀, òun ni ẹ ń ṣọ́!

Ẹ jẹ́ ká yí i padà. Nígbà tí àwọn bàbá yín ṣì ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà, tí Kùtọnu kún fún ẹgbẹ́ olórin, orin Kúbà ni wọ́n ń jó. Gnonnas Pedro tiwa yìí kọ ọ́ ní èdè Spáníìṣì títí ó fi di ọmọ ẹgbẹ́ olórin Africando. Ẹ kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Bóyá ọkọ ló ń kọ ìyàwó sílẹ̀ nínú orin náà, ẹ fi ṣe ìgbéyàwó. Ṣé ará Kúbà kan wá sí Pobè láti wá bi yín pé ta ló fún yín láyè?

Àwọn ará Kúbà kúkú ní ohun tí wọ́n lè bi wá. Àwọn ìbejì obìnrin kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Ibeyi, Lisa-Kaindé àti Naomi Díaz, ọmọ Angá Díaz onílù Kúbà. Wọ́n ń kọrin òrìṣà ní Yorùbá tó wọ ọkọ̀ ẹrú dé Kúbà. Ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, ẹ ní ohùn wọn ò tọ́. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú baba ńlá rẹ̀ lọ ṣì ń kí Ẹlẹ́gbáa. Ọmọ yín tí ẹnikẹ́ni kò mú lọ, ìyá àgbà kí i pé "Ọmọ mi, ṣé o jí ire?", ó ní "ça va."

Ti àlejò tòsí ló tún burú jù. Ará Sakété ń fi ohùn Ọ̀họ̀rí rẹ́rìn-ín. Ará Pobè ní èdè Gun ti wọ inú ọ̀rọ̀ ará Sakété. A wá para pọ̀, à ń yọ ṣùtì sí ará Èkó pé Yorùbá inú rédíò ló ń sọ. Ará Èkó náà dé, ó ní Faransé ni wá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé olórin fújì ni, a ti san owó rẹ̀ kó tó kúrò nílé, a ti ra omi tútù, a ti wá àga onítìmùtìmù. Bí ọmọ Gun kan láti Àjàṣẹ́ bá dìde pé òun náà mọ ẹ̀fẹ̀, tó sì kọ ọ́ tó dùn, a ní ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó bi òyìnbó bẹ́ẹ̀.

Lóru ẹ̀fẹ̀, olóyè ò bọ́ lọ́wọ́ orin ìbáwí, alágbèrè ò bọ́, òṣèlú tó jẹ owó afárá ò bọ́. Òyìnbó nìkan ló ń bọ́. Ìdájọ́ mi rè é: kó wá. Ẹ má fún un ní àga iwájú, ẹ fún un ní ẹní. Bó bá kọrin tí kò dáa, kí Òrò Ẹ̀fẹ̀ sín in jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹnì kan sì túmọ̀ rẹ̀ fún un láìbu iyọ̀ sí i. Bó bá rẹ́rìn-ín, tó tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ta aṣọ ẹbí fún un ní iye tí ẹ̀ ń tà á fún wa.

Bí ẹgbẹ̀rún sẹ́fà bá sì kù lápò yín lọ́jọ́ náà, ìlù mẹ́rin ló wà nídìí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó ń lu ìyáàlù.